Ewúrẹ́ Nìkan Ni Wọ́n Bá ní Abà Onírú

Ọdún tí wọ́n gbé bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìgbèríko ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà lè máa lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kí gbogbo ará ilé rẹ̀ má sì mọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Èbúté Mẹ́ta là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ kan lẹ́yìn ojú irin, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, tí wọ́n kọjú síra wọn bí àwọn tó fẹ́ jà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ óò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, ẹ óò gbọ́ garawa tó ń janlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ óò gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ẹ̀kọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ìdérí ìkòkò gbogbo ilé á máa gbọ̀n, àwa ọmọdé á gbé ọ̀rọ̀ dúró sẹ́nu títí yóò fi lọ tán, a ó wá bá a lọ láti ibi tí a ti já a. Títí di òní, mo ṣì máa ń dánu dúró lójijì láàárín ọ̀rọ̀, láìnídìí, ọkọ mi á sì wò mí, á ní, "Rélùwéè ló ń kọjá yẹn?"

Láàárín ariwo yìí ni bàbá mi yóò ti jáde, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìlà iwájú ṣòkòtò rẹ̀ mú débi pé ó lè gé àlùbọ́sà, fáìlì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta abọ́ tánńganran ní Ọ̀yìngbò, kì í jẹ́ kó kọjá lásán.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé oko ti yá?"

"Ó ti yá o, Ìyá Ṣadé."

"Ẹ mà gbàgbé ọkọ́ yín sílé!"

Bàbá mi á yọ bírò nínú àpò àyà rẹ̀, á gbé e sókè. "Ọkọ́ tèmi rèé. Ẹ wò ó, mo ti pọ́n ọn."

Orúkọ gígùn tí ìjọba sọ ibi iṣẹ́ náà kò rọrùn lẹ́nu ará ilé wa. Ọ́fíìsì Oko ni wọ́n ń pè é, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo gbà pé iṣu wà nínú àpótí tábìlì wọn, pé mẹ́séńjà wọn ló ń kọ ebè. Ohun tó wá dà mí láàmú ni pé Yaba ni ọ́fíìsì náà wà. Mo mọ Yaba. Mi ò rí àgbàdo kankan níbẹ̀ rí àfi èyí tí wọ́n ń sun. Ni mo bá bi bàbá mi léèrè lọ́jọ́ kan tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe ní Ọ́fíìsì Oko gan-an?"

"À ń mú ìdàgbàsókè lọ sí ìgbèríko."

"Kí ni ìdàgbàsókè?"

"Ọ̀nà, omi, iná."

"Ta ló ń gbé e lọ?"

Ó ronú díẹ̀. "Fáìlì," ló wí. Ó ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí mo fi ń rí i lójú ara mi, fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó gbé garawa omi lérí, tó ń dá rìn lọ lójú ọ̀nà eléruku.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà ni Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, dé sọ́dọ̀ wa. Bí ẹni gbé ẹyin ni wọ́n ṣe gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí wọn kò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀. Sòbìà ni. Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, aràn kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Inú omi adágún ni èèyàn ti ń mu ún láìmọ̀, yóò máa gbé nínú ara fún bí ọdún kan gbáko, á wá lu ẹsẹ̀ jáde bí onílé tó ń ṣí fèrèsé. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ màmá mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láràárọ̀, wọn á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ojú egbò, wọn á rọra ká orí aràn náà mọ́ igi ìṣáná, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, nítorí bó bá já sínú, ìyọnu ńlá ló dé. Ó yẹ kí n sá, ṣùgbọ́n ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ lóṣòó síbẹ̀, imú mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ náà.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́ ni?"

"Ìyá àgbà, ṣé ó mọ̀ pé Èkó lòun wà?"

"Ó mọ̀ dáadáa. Ìyẹn ni kò ṣe fẹ́ jáde. Ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà á."

Wọn kì í kérora lójú wa. Wọ́n á kàn máa sọ pé àlejò tó bá wọlé láì kan ilẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀ la fi ń lé e. Àárò ilé ló ń dun wọ́n ju ẹsẹ̀ lọ. Irú ti ń gbó lórí igi, wọ́n á ní, ta ló máa bá àwọn ká a, ta ló máa bá àwọn sè é, irú tí Ìyá Ẹlẹ́pà bá sè kì í rọ̀. Bàbá mi sì ti fàáké kọ́rí.

"Màámi, ẹ ò ní padà lọ mu omi tó sọ yín dà báyìí."

"Níbo ni kí n wá padà sí, Àkànní? Ibí? Ilé tí mo ti ń gbọ́ bí ọkùnrin iwájú ṣe ń hanrun?"

"Títí wọn yóò fi rí omi gidi níbẹ̀."

"Ta ló máa mú omi gidi wá? Ṣebí ìwọ lo wà ní Ọ́fíìsì Oko."

Bàbá mi á gbé fáìlì, á wọlé. Ìjọba kì í fi ojú ẹbí ṣiṣẹ́, ìyẹn ni gbogbo ohun tó lè sọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà ṣe di ti ẹyẹ inú àgò: bí kò bá sí kànga, kò sí pé wọ́n ń lọ sílé.

Ó yẹ kí n dúró ṣàlàyé ilé tí mò ń wí yìí. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá. Òótọ́ sì ni, bí ẹ kò bá béèrè jù. Abà Onírú ni Ìyá àgbà ń gbé, ó sì tó ìrìn òwúrọ̀ kan gbáko kí ẹsẹ̀ tó gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, lábẹ́ àwọn igi tí wọ́n fi sọ abà náà lórúkọ. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tó wọ ṣòkòtò onílà bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dúró láàárín àwọn akọ̀wé Yaba kó ní ọmọ Onírú lòun? Wọ́n á ti máa fọwọ́ bo imú kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, màmá mi ní aṣọ tí òun fẹ́ rán pọ̀, kí bàbá mi jọ̀ọ́ mú mi lọ síbi iṣẹ́, kí etí òun lè sinmi ìbéèrè. Bí mo ṣe rí Ọ́fíìsì Oko nìyẹn. Kò sí iṣu. Fáìlì ló wà níbẹ̀, fáìlì lórí tábìlì, fáìlì lábẹ́ tábìlì, fáìlì tí wọ́n gbé lé fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé gbé àwọn fáìlì yòókù lọ. Arábìnrin kan ń tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ-kọ-kọ. Ṣùgbọ́n lára ògiri ni mo ti rí nǹkan gidi: máàpù kan tó gbòòrò bí aṣọ ìbora, tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ mọ́ káàkiri. Bàbá mi fi ìgbéraga ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Olórí pupa, kànga ti wà níbẹ̀. Olórí búlúù, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n ń bọ̀ wá gbẹ́ ẹ. Olórí funfun, abúlé tí kò tíì ní nǹkan kan, tó wà lórí ìlà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà dáadáa nígbà náà, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá kọ ni mò ń kà, títí dé ara páálí ọṣẹ. Mo wá Abà Onírú títí. Kò ní pupa, kò ní búlúù. Kò tilẹ̀ ní funfun.

"Dádì, abà Ìyá àgbà dà?"

Ohùn mi kò kéré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù, yọjú láti yàrá inú.

"Abà wo nìyẹn?"

"Ọmọdé ni, mà," ni bàbá mi sáré dáhùn. "Oko bàbá wa kan báyìí ló ń sọ."

Màdáàmù kò wo bàbá mi. Èmi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ wò. "Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Ìyá àgbà, àti Bàbá Alágbẹ̀dẹ, àti Ìyá Ẹlẹ́pà, àtàwọn ọmọ wọn, wọ́n pọ̀, mà."

"Ṣé wọ́n ń sùn níbẹ̀, àbí wọ́n kàn ń lọ ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n padà?"

"Wọ́n ń sùn níbẹ̀, mà. Wọ́n tún ń hanrun."

Màdáàmù gbé ìwé ńlá kan sílẹ̀ tó bú gbàmù, wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Abà Onírú. Ilé, mẹ́rìnlá. Olùgbé, kò sí." Wọ́n gbójú sókè. "Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ilé mẹ́rìnlá, kò sí ẹyọ èèyàn kan. Ta ló wá ń hanrun níbẹ̀?"

Bàbá mi ń wo bàtà rẹ̀. Màdáàmù tún béèrè ibi tí wọ́n ti bí i, nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ sínú fáìlì ara rẹ̀. "Ibẹ̀ náà ni, mà," ni bàbá mi wí. "Èwo ni 'náà'?" ni Màdáàmù dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn níkẹyìn. Wọ́n ní àwọn kì í lọ gbẹ́ kànga síbi tó bá wu àwọn. Àwọn tó ni ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pe àwọn. Èèyàn méjìlá tó jẹ́ ọmọ abà náà, yálà wọ́n wà nílé tàbí lẹ́yìn odi, kí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ibẹ̀ làwọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ìwé náà sì dé orí tábìlì àwọn kí ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn tó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ti ti ìwé ọdún náà pa. Kò sí àyè láti lọ sílé lọ wá ẹnikẹ́ni. Nínú Èkó níbí ni bàbá mi ti gbọ́dọ̀ rí méjìlá náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi jókòó ti Ìyá àgbà. "Màámi, nígbà tí ìjọba ń ka èèyàn, ta ló kà yín?"

Ojú Ìyá àgbà tàn. "Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kà wá! Bí a ṣe gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, gbogbo abà ló di ẹrù. A gbé ọmọ pọ̀n, a gbé arúgbó sórí kẹ̀kẹ́, a lọ sínú agbo ilé wa nílùú. Kí la fẹ́ máa ṣe tí wọ́n á fi kà wá mọ́ koríko?"

"Ta ló wá kù lábà?"

"Ewúrẹ́."

Màmá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Ìyá Ṣadé tó ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà gbè é, ẹ̀rín náà rìn láti yàrá dé yàrá. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó káwọ́ lérí. "Màámi, ẹ ò sí."

"Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ ò sí nínú ìwé."

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ láti ìgbà náà. Àwọn èèyàn wa kò purọ́. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé: ọdún ńkọ́, ìlú ni, ìgbéyàwó, ìlú ni, bí ẹnìkan bá kú sóko, wọ́n á gbé e rin gbogbo ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó sin ín. Orúkọ ń gbé ìlú, ara ń gbé oko. Bí wọ́n bá wá ń fi ìwé pín omi, ọ̀dọ̀ orúkọ ni omi ń lọ. Ara ni òǹgbẹ sì ń gbẹ, òǹgbẹ kì í gbẹ orúkọ. Èmi tí mò ń rojọ́ yìí náà ńkọ́, nínú fọ́ọ̀mù tí mo kọ̀rọ̀ kún lóṣù tó kọjá, kí lẹ rò pé mo kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ìlú mi? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò wa máa ń ṣèpàdé nínú àgbàlá wa. Alága wọn jẹ́ káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè, ó sanra, ó ní ohùn. Bàbá mi dìde, ó ka ohun tí ìjọba ń fẹ́, ó sì jókòó kíá bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Ìró gúgúrú tí àwọn èèyàn ń rún lẹ́nu nìkan là ń gbọ́.

"Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín dára," ni Alága wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo wa níbí. A lè bá wọn bẹ ìjọba. Ṣùgbọ́n pé ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Abà Onírú."

"Ẹ̀hẹ́n. Ìyẹn."

Mo mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, nítorí ọwọ́ kan ti bà lé mi léjìká. Ìyá àgbà ni. Wọ́n fi èjìká mi ṣe ọ̀pá, wọ́n tiro jáde láti inú yàrá, igi ìṣáná wà lára ẹsẹ̀ wọn nínú báńdéèjì. Gbogbo ìpàdé dìde, wọ́n ń kí wọn. Ìyá àgbà dúró níwájú Alága.

"Làmídì, ṣé ìwọ lò ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè é?"

"Ìyá, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ọjọ́ tí ìyá rẹ bí ọ, èmi ni wọ́n rán lọ pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ọ́, nínú odò tó ba ẹsẹ̀ mi jẹ́ yìí. Ṣé kí n sọ orúkọ tí gbogbo abà fi ń pè ọ́ nítorí bí o ṣe ń jí irú jẹ?"

"Ìyá, ẹ forí jì mí, ẹ má sọ ọ́!"

Àgbàlá dàrú. Àwọn tó ń sọ pé inú ìlú gan-an ni wọ́n bí àwọn sí ló ń rẹ́rìn-ín jù, títí Ìyá àgbà fi kọjú sí ẹni kejì. "Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, ṣé kì í ṣe ìdí igi kẹta lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sin ìwọ́ ìdodo rẹ sí?" Ẹ̀rín ìyẹn dá. Ìyá àgbà ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. "Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là ń ké sí," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ni mò ń ké sí. Mo fẹ́ lọ sílé mi." Alága ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò. Bàbá mi ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà, títí ó fi dé orí ìkọkànlá. Ó wo àgbàlá yíká. Kò ku ẹnì kankan tó jẹ́ ọmọ abà, ìyàwó sì ni Ìyá àgbà fúnra wọn jẹ́ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ wọn ni Ìyá àgbà ń wò. Èmi tí mo wà nítòsí ni mo rí i tí bàbá mi kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó kéré bí èèrà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi lẹ́yìn ìpàdé pé wọ́n á ní òun lo ipò òun fi fa omi sí oko bàbá òun. "Ìwọ́ ìdodo tìrẹ náà ńkọ́?" ni màmá mi fi dá a lóhùn, ó sì ń bá aṣọ rírán lọ.

Ìwé náà dé orí tábìlì Màdáàmù ní Ọjọ́bọ̀. Màdáàmù gba fáìlì náà kúrò lọ́wọ́ bàbá mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n sì rán àwọn àjèjì méjì lọ wo abà náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá àgbà ti ránṣẹ́ ṣáájú wọn: bí ẹ bá rí ọkọ̀ ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ìlú o. Wọ́n ní bí àwọn méjì yẹn ṣe dé, gbogbo abà ló tò síta, arúgbó, ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n ka àwọn.

Aràn náà jáde tán. Òjò rọ̀, òjò dá. Ìyá àgbà pàdánù irú ọdún náà, a sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láràárọ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni gbogbo wa bá ọkọ̀ lọ sí Abà Onírú, níbi tí pọ́ǹpù tuntun kan ti dúró lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n to àga fún àwọn ará ọ́fíìsì lápá kan, wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ará abà lápá kejì. Bàbá mi jókòó lórí àga tó gbẹ̀yìn, ó so táì mọ́rùn. Ìyá àgbà ni àwọn ará abà yàn láti kọ́kọ́ tẹ pọ́ǹpù náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde, àwọn kan ti ń mí kanlẹ̀, kí omi tó wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà bù ú sọ́wọ́, wọ́n tọ́ ọ wò.

"Kò dùn, kò korò," ni wọ́n wí. "Bí omi ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Wọ́n yí ojú padà sí ibi tí àga wà. "Àkànní! Wá báyìí."

Gbogbo àwọn tó wà lórí àga wo ara wọn. Dírẹ́bà ọ́fíìsì tẹ̀ sí bàbá mi. "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ìyá yẹn ń wò o. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Bàbá mi wo Màdáàmù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ki ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì dìde dúró.

"Ìyá mi ni," ló wí. "Ibí ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Onírú ni mí."

Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, Màdáàmù wò ó, ẹ̀rín náà kú. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ lásán kọjá lórí ilẹ̀ tútù. Ìyá àgbà fi ọwọ́ pọ́ǹpù lé e lọ́wọ́, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n sì na ẹsẹ̀ òsì wọn síwájú, pé kó tẹ omi sí ẹsẹ̀ náà.